Olùkọ́ Tí Ó Ṣe Adájọ́ Eré Méjì

Àwa olùkọ́ tí a ti fọn fèrè rí lórí pápá ilé-ìwé láìgba kọ́bọ̀ kò gbọdọ̀ gbàgbé Steve Bucknor, olùkọ́ bí tiwa ní Jàmáíkà, tí a bí ní 1946. Ní 1988, ó ṣe rẹfirí fún El Salvador àti Netherlands Antilles nínú ìdíje àtiwọ Ife Àgbáyé. Ní 1989, ó ṣe adájọ́ kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ márùn-ún fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Kingston.

Eré méjèèjì kò fẹ́ irú ìdájọ́ kan náà. Bí rẹfirí bọ́ọ̀lù bá lọ́ra, gọ́ọ̀lù ti wọlé. Ṣùgbọ́n ní kíríkẹ́ẹ̀tì, adájọ́ lè rò ó kí ó tó sọ̀rọ̀. Bucknor a dúró bí òpó, a mi orí díẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò gbé ìka sókè pé eré ti parí fún ẹni tí ń gbá a. Wọ́n sọ ọ́ ní Ikú Díẹ̀díẹ̀!

Òfin ọjọ́ orí FIFA gba fèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹni ọdún 45. Kíríkẹ́ẹ̀tì kò lé e. Síbẹ̀, ìfarabalẹ̀ kò ní kí ènìyàn má ṣì í. Ní 2008, àwọn ará Íńdíà fi ẹjọ́ ìdájọ́ rẹ̀ ní Sydney sùn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje tí ó tẹ̀lé e. Ó dùn wá, àwa tí wọ́n ti hó lé lórí rí. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún 128 ni ó ti dájọ́ kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 2009.