Òkè Lickey: Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Ti Ọkọ̀ Lẹ́yìn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Birmingham, tẹ́ ẹ bá ti wọ rélùwéè lọ sí Bristol rí, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yìí láìmọ̀. Lickey lorúkọ ẹ̀, láàárín Blackwell àti Bromsgrove.

Lójú ẹlẹ́sẹ̀, òkè náà ò le: téèyàn bá rin ẹsẹ̀ bàtà 38, ó gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà kan. Àmọ́ irin lórí irin ni rélùwéè, yíyọ̀ ló ń yọ̀. Máìlì 2 gbáko sì ni òkè ọ̀hún gùn. Kò sí òkè ojú irin ńlá mìíràn ní Ìlú Ọba tó ga tó bẹ́ẹ̀, tó tún gùn tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ la ọ̀nà náà, àwọn ọ̀mọ̀ràn ní ẹ́ńjìnnì ò lè gùn ún, àfi kí wọ́n máa fi okùn fa ọkọ̀. Moorsom, ẹnjiníà wọn, ò gbà. Ẹ́ńjìnnì tí William Norris ṣe ní Philadelphia, l'Amẹ́ríkà, ti gun òkè kan lọ́hùn-ún lọ́dún 1836. Wọ́n ra irú ẹ̀ wá, ọ̀nà sì ṣí lọ́dún 1840.

Ọdún yẹn ò tíì parí tí ìjàǹbá dé. Ní November 10, ìkòkò omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì kan bú gbàmù ní Bromsgrove. Thomas Scaife kú lójú ẹsẹ̀, Joseph Rutherford kú lọ́jọ́ kejì. Ìyàwó Rutherford ló gbé òkúta sórí sàréè ọkọ ẹ̀. Ti Scaife ńkọ́? Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló dáwó jọ, tí wọ́n gbé e kalẹ̀ lọ́dún 1842. Ẹ́ńjìnnì Norris ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta, bẹ́ẹ̀ ti Norris kọ́ ló bú! Ẹ wo bí ìtàn ṣe ń yà bàrá kíákíá.

Báwo wá ni ọkọ̀ tó wúwo ṣe ń gòkè? Ẹ́ńjìnnì mìíràn ló ń tì í lẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ ló ti ń dúró. Wọ́n á fọn fèrè síra wọn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Tí wọ́n bá dé Blackwell, á fi í sílẹ̀, á padà lọ dúró de òmíràn. Lọ́dún 1919, wọ́n ṣe ẹyọ kan ṣoṣo tó ní táyà irin ńlá 10 fún iṣẹ́ yìí. Big Bertha làwọn èèyàn ń pè é. Títí di 1956 ló fi ń tì wọ́n gòkè. Láti 2018, rélùwéè oníná náà ti ń gun òkè ọ̀hún.

Ẹ̀yin èèyàn wa, owó táwọn òṣìṣẹ́ yẹn dá ló jẹ́ ká ṣì máa ka orúkọ Scaife lónìí. Ìlú tiwa ńkọ́? Ta ló la ọ̀nà wa? Ta ló ru búlọ́ọ̀kù ilé ìwé wa? Ẹ bi àwọn àgbà wa tó ṣì wà láyé, ẹ kọ orúkọ àti ọdún sílẹ̀, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sórí gúrúùpù. Ẹni tó ti ìlú lẹ́yìn, kò yẹ ká gbàgbé ẹ̀.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìlú wa á dáa o.