Ẹ̀rọ Tó Kú Sínú Yanrìn Swakopmund

Bí àlejò bá dé Swakopmund lónìí, ìlú kékeré etí òkun ní Nàmíbíà, takisí ni yóò wọ̀ káàkiri. Àmọ́ kí ni wọ́n ń wọ̀ nígbà tí àwọn Jámánì tẹ ìlú náà dó ní 1892? Kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà ni. Aṣálẹ̀ Namib ló sì yí ìlú ká: kò sí koríko, omi ṣọ̀wọ́n, màlúù ń kú lójú ọ̀nà.

Ni ọ̀gá sójà kan, Edmund Troost, bá ra ẹ̀rọ ńlá tí ń fi ooru omi rìn ní 1896. Tọ́ọ̀nù 14 ni, ẹ gbọ́ ná! Walvis Bay ni wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìrìn nǹkan bí 30 kìlómítà péré, oṣù mẹ́ta ló gbà á. Yanrìn ń gbé e mì, ó sì ń mu omi bí ẹni pé òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Kò pẹ́ tó kú. Wọ́n sọ ọ́ ní Martin Luther, torí wọ́n ní Luther sọ pé ibi tí òun dúró sí nìyẹn.

Àrùn pa màlúù rẹpẹtẹ ní 1897, ni reluwé bá di dandan. Ó dé Windhoek ní 1902. Òun náà ló gbé sójà lọ bá àwọn Herero jà ní 1904. Àwọn tí wọ́n mú lójú ogun, tọkùnrin tobìnrin, ni wọ́n há mọ́ àgọ́ ní Swakopmund, tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ àṣekú. Òtútù òkun àti ebi pa ọ̀pọ̀ wọn.

Wọ́n ti kọ́ ilé fún Martin Luther lẹ́yìn ìlú. Ibojì àwọn Herero wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú àwọn òyìnbó, òkìtì yanrìn lásán, láìsí orúkọ.