Ohun tó ń to fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà: ìtàn kan láti Creek Road

Ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ bi mí lóṣù tó kọjá pé, "Prof, kí ló da onímọ̀ ẹ̀dá-èdè pọ̀ mọ́ Wayland?" Mo ní Creek Road ló gbé mi débẹ̀. Ó rò pé ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe. Mo wá ṣèlérí fún un pé màá kọ ọ́ sílẹ̀, òun náà nìyí.

Ẹni tó bá mọ Àpápá á mọ Creek Road. Ó gba ẹ̀gbẹ́ èbúté lọ títí tó fi já sí Boundary, níbi tí Ajégúnlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ìlú yẹn fúnra ẹ̀ ń sọ̀rọ̀: ọkọ̀ ojú omi là ń sọ pé ó gúnlẹ̀, níbẹ̀ ajé ló gúnlẹ̀. Láti 1926 tí wọ́n ti parí ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ ní Àpápá, àti láti 1977 tí wọ́n ti ṣí Tin Can Island, ohun tó ti gba ibẹ̀ wọ ìlú kò lóǹkà. Kọ̀ǹpútà àlòkù wà lára wọn. Orúkọ ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun ni Tòkunbọ̀, àmọ́ ní Èkó, mọ́tò, fíríìjì àti láptọ́ọ̀pù ti gba orúkọ náà mọ́ ọmọ lọ́wọ́. Àwọn olùwádìí tó ṣiṣẹ́ ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 rí i pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kan, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà nínú ìkùn àwọn mọ́tò tòkunbọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń kọ èyí. Mo rà á ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Boundary, lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ti jókòó ní kíláàsì mi rí kó tó sọ pé fonọ́lọ́jì ò lè bọ́ òun. N kò bá a jiyàn. Nígbà tí mo mú ẹ̀rọ náà padà lọ bá a pé ó ti wúwo jù, ó yọ sọ́fútíwíà tó wà nínú ẹ̀ dà nù, ó sì fi Linux sí i. Ó ní, "Prof, ẹ̀rọ yín ò gbó, sir. Ohun tí wọ́n fi sínú ẹ̀ ló tóbi jù ú lọ."

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé nǹkan kan wà tó ń jẹ́ kọ̀mpósítọ̀. Mo gbìyànjú láti fún un ní orúkọ Yorùbá, mo ní "atofèrèsé", ọmọ náà rẹ́rìn-ín, mo fi sílẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ò ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá ti dúró sí Creek Road rí láyé ìgbà tí tírélà àti táńkà to láti èbúté títí wọ àdúgbò, tí kálukú ń ti orí bọ ibi tó bá ti rí àyè. Ní oṣù kejì 2021, àwọn aláṣẹ èbúté gbé ìlànà kan kalẹ̀ pé kí ọkọ̀ dúró síbi ìgbọ́kọ̀sí títí wọn ó fi pè é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pe ìlànà náà ní Ètò. (Mo fẹ́ràn orúkọ náà. Bóyá orúkọ náà ro ẹni tó sọ ọ́ tàbí kò rò ó, ẹ bi àwọn onítírélà.) Kọ̀mpósítọ̀ ni Ètò ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo fèrèsé tí ẹ ṣí, ìyẹn lẹ́tà tí ẹ ń kọ, fídíò tí ẹ ń wò, olúkúlùkù á ya àwòrán tirẹ̀ síbi ìkọ̀kọ̀, á sì fà á lé kọ̀mpósítọ̀ lọ́wọ́. Òun ló mọ èyí tó wà lókè, èyí tó wà nísàlẹ̀, èyí tí igun ẹ̀ fara sin. Á tò wọ́n pọ̀ di àwòrán kan ṣoṣo, á gbé e sójú gíláàsì. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìgbà 60 ló ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí tẹ́lẹ̀. Ní 1984, ní MIT ní Amẹ́ríkà, Bob Scheifler ń wá ohun tó máa fi ya fèrèsé sójú ẹ̀rọ tó fi ń ṣiṣẹ́, Jim Gettys náà sì ń wá irú ẹ̀ fún iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Project Athena. Sọ́fútíwíà kan wà láti Stanford tó ń jẹ́ W. Scheifler mú un, ó tún ọ̀pọ̀ nǹkan ṣe nínú ẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní lẹ́tà tó tẹ̀ lé W. Báyìí ni X ṣe gba orúkọ. Ní 1987, wọ́n gbé X11 jáde, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Linux ń lò títí di ọdún àìpẹ́ yìí. Ní 1987 yẹn, tapuráítà lèmi fi ń kọ ìwé, tí mo bá sì tẹ ojú ewé kan tán, màá mú bírò, màá máa fi ọwọ́ sàmì ohùn sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nínú X, fèrèsé kò ní ibi ìkọ̀kọ̀ kankan. Ojú gíláàsì gan-an ni kálukú ń yàwòrán sí. Tí fèrèsé kan bá bo òmíràn, ohun tó wà nísàlẹ̀ ti parẹ́ nìyẹn. Tí ẹ bá wá sún tòkè kúrò, X á pe tìsàlẹ̀ pé, "Jọ̀ọ́, tún ara rẹ yà." Bí ẹni yẹn bá ń sùn lọ́wọ́, ihò dúdú lẹ máa rí. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Mẹ́mórì wọ́n bí ojú nígbà yẹn, ta ló fẹ́ fi àwòrán fèrèsé pa mọ́? Ìgbà tó di bíi 2004 ni Keith Packard àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ fi àfikún kan tó ń jẹ́ Composite mọ́ X, kí fèrèsé tó lè máa ya ara ẹ̀ síbi ìkọ̀kọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ìjà lórí ìwé àṣẹ ìlò tú ẹgbẹ́ XFree86 ká, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ kóòdù náà sì kó lọ sọ́dọ̀ X.Org. Ní 2008, Kristian Høgsberg bi ara ẹ̀ pé: bó bá jẹ́ kọ̀mpósítọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ gbogbo báyìí, kí ni X tó wà láàárín ṣì ń ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ Wayland, tó fi orúkọ ìlú kékeré kan ní Massachusetts pè. Nínú Wayland, kọ̀mpósítọ̀ ni ọ̀gá. Òun ló ń gba àwòrán, òun náà ló ń kọ́kọ́ gba gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá tẹ̀. Ẹ fi gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí sọ́kàn, mò ń bọ̀ wá bá a.

Ní báyìí, àléébù. Àwọn ọmọ ń pè é ní bọ́ọ̀gì. Àwọn kan tó ń túmọ̀ ń pè é ní kòkòrò, èyí ò dùn mọ́ mi, nítorí pé láti ìta ni kòkòrò ti ń wọlé, ọwọ́ ẹni tó kọ kóòdù sì ni tiwa yìí ti wá. Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti máa sọ ìtàn ẹ̀ ni ti oṣù kìíní 2014. X.Org kéde nígbà náà pé àléébù kan wà nínú apá tó ń ka fáìlì lẹ́tà, ìyẹn àwòrán A, B, D tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé. Kóòdù yẹn ní kí ẹ̀rọ ka orúkọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tó gba ìwọ̀nba, àmọ́ kò sọ fún un pé ibi báyìí ni kó dúró. Tí ẹnìkan bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ orúkọ gígùn síbẹ̀, á ṣàn kọjá etí àpótí, onítọ̀hún á sì rí ọ̀nà gbà wọlé. Láti 1991 ló ti wà níbẹ̀. Ó lo ọdún 22, ó kọjá níwájú àìmọye ojú, kó tó di pé irinṣẹ́ kan tó ń fi ara ẹ̀ yẹ kóòdù wò tọ́ka sí i. Ẹ mọ àtúnṣe ẹ̀? Níbi tí wọ́n ti kọ "%s", wọ́n kọ "%99s". Àmì méjì péré! Ẹ̀yin tí mo máa ń gba máàkì lọ́wọ́ yín nítorí àmì ohùn kan, ṣé ẹ ti rí i báyìí pé n kì í ṣe ìkà.

Ohun tí àwọn onísọ́fútíwíà ọ̀fẹ́ máa ń sọ ni pé níwọ̀n bí kóòdù bá ti ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà, ojú tó pọ̀ á rí gbogbo àléébù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Kóòdù yẹn ṣí sílẹ̀ fún ọdún 22. Ṣíṣí sílẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú kíkà. Àléébù mìíràn sì wà tí ẹ lè ka kóòdù títí kí ẹ má rí i, àfi kí ẹ wà níbi tó ti ń ṣẹlẹ̀. Irú èyí ló ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹ rántí pé lẹ́tà wa "ẹ́" kì í ṣe ẹyọ kan nínú kọ̀ǹpútà. Nínú Unicode, "ẹ" ní nọ́ńbà tiẹ̀, nítorí pé àwọn ará Vietnam náà ń fi àmì sábẹ́ lẹ́tà (ohùn ni tiwọn ń fi hàn o, kì í ṣe fáwẹ́lì), ṣùgbọ́n "ẹ" pẹ̀lú àmì òkè lórí kò ní nọ́ńbà kankan. Méjì ni, a tò wọ́n léra. Kọ̀mpósítọ̀ kọ́ ló ń to àmì sórí lẹ́tà. Iṣẹ́ sọ́fútíwíà mìíràn nìyẹn, HarfBuzz lèyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Àmọ́ kí n tó lè tẹ "ẹ" rárá, mo nílò àtẹ ìtẹ̀wé Yorùbá, àtẹ Nàìjíríà tó ní ẹ̀yà ti Yorùbá, ti Haúsá àti ti Ìgbò sì ti wà nínú Linux fún ọjọ́ pípẹ́. Kọ̀mpósítọ̀ ló mọ èyí tí mo ń lò lọ́wọ́, nítorí pé òun ló ń kọ́kọ́ gba lẹ́tà.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣe àtúnṣe sí gbogbo sọ́fútíwíà inú ẹ̀rọ mi. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti pa láptọ́ọ̀pù dé tí mo sì tún un ṣí, àtẹ Yorùbá á ti padà sí ti Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ àmì tó wà ní igun ojú gíláàsì á ṣì máa sọ pé Yorùbá ni. Ẹni tó ń kọ àkójọ ọ̀rọ̀ bíi tèmi kò tètè ń rí i. Mo ti tẹ ojú ìwé méjì kí n tó wòkè, mo wá rí i pé gbogbo "ọ" ti di "o", gbogbo "ṣ" ti di "s". Ọkọ́, ọkọ̀ àti ọkọ ti di nǹkan kan náà.

Mo gbé e lọ sí Boundary. Ọmọ náà kọ ìwé sí àwọn tó ń bójú tó kọ̀mpósítọ̀ náà, ó ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: kò ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ tiwọn. Wọ́n ti ẹjọ́ náà pa. N kò rò pé wọ́n ní èrò búburú kankan. Ẹ̀rọ tuntun ló wà níwájú wọn, àtẹ kan ṣoṣo ni púpọ̀ nínú wọn sì ń lò. Ẹ̀rọ tó ti lo ọdún mẹ́wàá, tí ẹni tó ni ín ń kọ èdè méjì, tí ó sì ń pa á dé ní gbogbo ìgbà tí iná bá lọ, Ajégúnlẹ̀ lẹ ti máa rí i, kì í ṣe ọ́fíìsì wọn.

Ó ní, "Prof, mo máa wá a dé ìdí." Láàárín ẹ̀dà tó dára àti èyí tó bàjẹ́, bíi 500 àyípadà ló wà. Kò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mú èyí tó wà láàárín méjèèjì, ó kọ́ ọ, ó dán an wò. Tó bá dára, a jẹ́ pé ìdajì tó ṣẹ́kù ni àléébù wà, tó bá bàjẹ́, ìdajì àkọ́kọ́ ni. Á tún pín ìyẹn sí méjì. Tí ẹ bá ń pín 500 sí méjì báyìí, ìdánwò mẹ́sàn-án ti tó láti dórí ẹyọ kan. Ìṣirò yìí dùn mọ́ mi gan-an. Ohun tí ìṣirò ò sọ ni pé ìdánwò kan ń gba nǹkan bíi wákàtí kan lórí ẹ̀rọ mi, àti pé iná ò dúró. Ọjọ́ mẹ́rin ló lò, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tí èmi ra epo sí.

Ó bá a. Ẹnìkan ti tún apá tó ń jí ẹ̀rọ láti ojú oorun kọ kó lè yára sí i, ó sì gbàgbé láti gbé nọ́ńbà àtẹ tí a ń lò tẹ́lẹ̀ padà. Ẹni tí àtẹ ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ò lè mọ̀ láéláé. Nígbà tí ọmọ náà fi nọ́ńbà àyípadà yẹn ránṣẹ́, wọ́n tún ẹjọ́ ṣí láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹni tó fa àléébù gan-an ló kọ àtúnṣe, ìlà mẹ́ta, ó sì bẹ̀ ẹ́ kó bá òun dán an wò. Ó dán an wò. Ó dára.

Ó wá kù díẹ̀ tó ń dùn mí. Ní 2025, GNOME pa ọ̀nà X11 dé nínú ẹ̀dà 49, Ubuntu 25.10 náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ lórí tábìlì GNOME ẹ̀. Ẹ̀rọ tí Wayland ò bá bá lára mu kò tún rọrùn láti fi X gbà sílẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó bójú mu, ta ni yóò máa tọ́jú ilé méjì títí ayé? Àmọ́ káàdì àwòrán tó ti gbó jù lọ ni àléébù tó kù máa sápamọ́ sí, àwọn káàdì wọ̀nyẹn sì ṣì ń gba Creek Road bọ̀ wá.

Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá bóyá ó ti rí òmíràn. Ó gbé láptọ́ọ̀pù kan fún mi. Tí a bá so projẹ́kítọ̀ mọ́ ọn, atọ́ka á pòórá. Ó ti kọ ìwé, wọ́n sì ti dá a lóhùn pé kò ṣẹlẹ̀ lórí ẹ̀rọ tiwọn. Ìdánwò kẹta ló wà nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.