Oníbodè Inú Fídíò

Àwa ará Yewa mọ oníbodè dáadáa. Ẹni tí ó bá ń ti Ìdí-Ìrókò bọ̀ yóò bá a pàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, yóò sì máa ráhùn pé ó ń dá òun dúró. Oníbodè wà nínú fídíò orí fóònù yín pẹ̀lú.

Ní ọdún 2000 ni Fabrice Bellard, ọmọ ilẹ̀ Faransé, bẹ̀rẹ̀ FFmpeg, àkójọ ìlànà kọ̀ǹpútà tí ń tú fídíò àti orin kí a lè wò ó, kí a sì gbọ́ ọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fi í sínú iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó ti ń ka fáìlì, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun ti dé òpin rẹ̀. Àyẹ̀wò yìí ni oníbodè. Ṣùgbọ́n wọ́n fi àṣàyàn kan sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ lé oníbodè náà lọ: --disable-safe-bitstream-reader (orúkọ tó gùn bí oríkì!). Àlàyé tí wọ́n kọ sí i kò fi nǹkan pamọ́: iṣẹ́ yóò yára sí i, ṣùgbọ́n ó lè dojú dé.

Èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ti ṣẹlẹ̀ rí. Nínú èdè C, irinṣẹ́ kan wà tí à ń pè ní gets, tí ń gba ọ̀rọ̀ wọlé láìbéèrè bí àyè ṣe tó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1988, kòkòrò tí Robert Morris, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell, tú sílẹ̀ gba ibẹ̀ àti àwọn ọ̀nà mìíràn wọ inú kọ̀ǹpútà púpọ̀ ní Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ìwé òfin èdè náà ti ọdún 1989 àti ti 1999 gba gets láyè, nítorí iṣẹ́ àtijọ́ tó ti gbára lé e. Ọdún 2011 ni wọ́n tó yọ ọ́. Ọdún 23 gbáko!

N kò fi ẹni tó ń wá ìyára ṣe ẹlẹ́yà. Lórí ẹ̀rọ tí kò lágbára, ìyára díẹ̀ lérè. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìlaró tó ṣí fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kò mọ̀ pé ẹnì kan ti lé oníbodè lọ. Kò rí ìkìlọ̀ náà rí, òun sì ni ewu yóò bá. Nítorí náà, ní tèmi, kí a yọ irú àṣàyàn bẹ́ẹ̀ kúrò pátápátá ló tọ́. Ẹni tó bá nílò rẹ̀ gan-an lè tún ìlànà náà ṣe fúnra rẹ̀. Ṣebí gbangba ló wà.