Ààlà Ìgbéyàwó ní Ọ̀tà

Kí òyìnbó tó fi òfin kankan lélẹ̀ ni àwọn Àwórì Ọ̀tà ti mọ ẹni tí a kì í fẹ́. Ìbátan ẹ̀jẹ̀ kì í fẹ́ra, ìdílé méjèèjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ọkọ sì gbọ́dọ̀ san owó orí. Iye ìyàwó nìkan ni kò ní òdiwọ̀n. Ibẹ̀ ni àwọn ará ìlú àti ìjọ Church Missionary Society (CMS), tí James White ń bójú tó ní Ọ̀tà láti àwọn ọdún 1850, ti forí gbárí. Láàárín àwọn ọdún 1850 náà, Henry Venn, akọ̀wé CMS ní Lọ́ńdọ̀nù, pàṣẹ pé kí wọ́n má ṣe ìrìbọmi fún olóbìnrin púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣe é fún àwọn ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó ń wọlé, baálé ń dúró síta.

Òfin Ìgbéyàwó tí ìjọba Èkó ṣe ní 1884, tó kárí Nàìjíríà ní 1914, fi ìyàwó kan fún ọkọ kan, síbẹ̀ kò pa ìgbéyàwó ìbílẹ̀ rẹ́. Ẹni tó ti ṣe ìgbéyàwó kóòtù lábẹ́ òfin yìí tó tún lọ san owó orí lórí obìnrin mìíràn lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 5. Bákan náà ni ẹni tó ní ìyàwó nílé tó lọ bá ẹlòmíràn ṣe ti kóòtù. Agbára káká la fi ń rí ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ sẹ́wọ̀n.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ń kún Ọ̀tà láti àwọn ọdún 1970, àlejò kún àdúgbò Sàǹgó níbẹ̀. Aládùúgbò kò mọ ẹni tó níyàwó nílé. Iṣẹ́ alárinà bọ́ sọ́rùn ìwé ìkéde ìgbéyàwó kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ìgbéyàwó. Ó kéré tán, ọjọ́ 21 gbọ́dọ̀ kọjá kí tọkọtaya tó gba ìwé ẹ̀rí. Ẹni tó bá mọ ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fẹ́ra lè kọ ọ̀rọ̀ ìdíwọ́ sínú ìwé ńlá ọ́fíìsì náà, pẹ̀lú orúkọ, àdírẹ́sì àti ìdí rẹ̀. Adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga ni yóò gbọ́ ọ; bí ẹjọ́ náà kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, a lè ní kó sanwó gbà-má-bínú. Ètò náà dára, àmọ́ ìyàwó tó wà lábúlé kò lè ka ohun tó wà lára ilẹ̀kùn Ọ̀tà.

Ní ti ọjọ́ orí, òfin ti 2006 ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Ọ̀tà wà, ka ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé tí a kò gbọdọ̀ gbé níyàwó. Síbẹ̀, ẹni tí kò tíì pé 21 kò lè ṣe ti kóòtù láìjẹ́ pé bàbá rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí bàbá bá ti kú, ìyá ni. Bí kò bá sí òbí tàbí alágbàtọ́, adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga lè bá a fọwọ́ sí i.