Ẹ Kú Ọdún, Ẹ Kú Ìyèdún: Ìtàn Bí Àwọn Ọmọ Wa Ṣe Ń Kí Ọdún Láti Ojúlé Dé Ojúlé Ní Accra

 Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé ọdún wa yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á dé ìparí.

Ní ọdún Ìtúnu ààwẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé wa ní Abossey Okai lẹ́yìn tí a ti kírun dé. Àwọn ọmọ bíi mẹ́fà wọlé wá nínú aṣọ tuntun. Wọn kò kúnlẹ̀, wọn kò dọ̀bálẹ̀. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn na ọwọ́ sí mi, ó ní, "Barka da Sallah! Owó ọdún mi dà?" Mo fún wọn lówó. Bí wọ́n ti gbà á tán ni wọ́n pẹ̀yìn dà, tí wọ́n sáré lọ sí ilé kejì. Nígbà tí mo bi aládùúgbò mi pé ọmọ ta ni wọ́n, ó ní méjì nínú wọn, ọmọ àwọn ará ẹgbẹ́ wa ni. Ojú tì mí, nítorí pé n kò mọ̀ wọ́n, àwọn náà kò sì mọ̀ mí. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ìtàn yìí sílẹ̀, kí àwọn òbí tí wọn kò bá ìgbà náà lè mọ bó ti rí.

BÍ A ṢE DÉ IBÍ

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀yà wa ti ń gbé ilẹ̀ yìí. Alata ni àwọn Ga àti àwọn Àkán ń pè wá, orúkọ tí a gbà pé ó ti ara Alada wá, ìlú àtijọ́ tó wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ òde òní. Àdúgbò Ngleshie Alata ní Jamestown ṣì ń jẹ́ orúkọ náà. Ọṣẹ dúdú wa pàápàá, alata samina ni wọ́n ń pè é lọ́jà.

Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ilẹ̀ yìí ṣì ń jẹ́ Gold Coast, àwọn oníṣòwò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ìgbẹ́tì, Ṣakí, Ìnísà àti Èjìgbò. Wọ́n ń ta aṣọ, wọ́n ń ta wórobo, wọ́n sì tàn ká láti Accra dé Kumasi àti Tamale, títí dé àwọn ọjà abúlé. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní Gánà ní ọdún 1960, Yorùbá tí wọ́n kà tó nǹkan bí 100,000. Mùsùlùmí pọ̀ nínú wọn, Onígbàgbọ́ náà sì pọ̀. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, pàápàá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, wà lára àwọn tó fi ìdí ìjọ Onítẹ̀bọmi múlẹ̀ ní ilẹ̀ yìí.

Abossey Okai tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí sí ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò, ẹ̀gbẹ́ Sabon Zongo ló wà, àdúgbò tí Malam Bako, ọmọ Haúsá, tẹ̀ dó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Lórí ilẹ̀ àwọn Ga ni gbogbo wa sì wà. Nítorí náà, ọmọ tó bá dàgbà ní agbègbè yìí, àárín àwọn ènìyàn tó mọ ọdún kí ló ti dàgbà. Àwọn Haúsá ní goron sallah, ẹ̀bùn tí ọmọdé ń gbà bó bá kí àgbà ní ọjọ́ ọdún. Wọ́n tún ní tashe, eré tí àwọn ọmọ ń ṣe láti ilé dé ilé ní alẹ́ bí Ràmàdáánì bá ti pé ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn Ga, lẹ́yìn ọjọ́ Homowo, wọ́n a máa wọ ilé ara wọn láti kí ara wọn kú ewu ọdún, kí wọ́n sì parí ìjà. Àwọn Àkán ní "Afehyia pa." Kò sí ẹ̀yà kan tó fi ọdún kíkí ṣeré.

BÍ A ṢE Ń KÍ ỌDÚN

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ètò wà nínú rẹ̀. Ọmọ kì í dá jáde. Ẹ̀gbọ́n ni yóò ṣáájú, yóò di àbúrò lọ́wọ́ mú. Inú ilé ẹni ni a ti ń bẹ̀rẹ̀: bàbá, ìyá, lẹ́yìn náà onílé tí a ń gbé ilé rẹ̀, yálà Ga ni tàbí Haúsá. Lẹ́yìn èyí ni a ó tó lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà ará ìlú wa.

Bí a bá dé ẹnu ọ̀nà, a kì í ti ilẹ̀kùn. A ó ké pé, "Àgò onílé o," a ó sì dúró títí wọn yóò fi dáhùn pé, "Àgò yà." Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yìí ti bá ilẹ̀ yìí mu: "Agoo" ni àwọn Ga àti àwọn Àkán náà ń wí, "Amee" ni onílé sì ń fi dáhùn. Ọmọ tó bá mọ àgò ké, kò sí ilé tí kò lè wọ̀ ní Accra.

Bí a bá wọlé, àwọn obìnrin á kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀: "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún." Àgbà á ṣe àdúrà, a ó máa ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè á dé: "Ọmọ ta ni ọ́?" Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. O ní láti dá orúkọ bàbá rẹ, orúkọ bàbá àgbà rẹ, ìlú rẹ àti agbo ilé rẹ. Ọmọ tó bá kọsẹ̀, wọn a tún un sọ fún un, wọn a ní kó wí i padà. Bí àgbà náà bá mọ oríkì ilé yín, á kì ọ́ títí orí rẹ á fi wú.

Oúnjẹ ló sábà máa ń ṣáájú, owó á tẹ̀ lé e. Ọwọ́ méjèèjì ni a fi ń gbà á. Nígbà àwọn ẹ̀gbọ́n wa, kọ́bọ̀ àti tọ́rọ́ ni. Láti ọdún 1965 tí owó cedi ti dé, pesewa ni. A kì í ka owó lójú ẹni tó fún ni, a kì í sì fi tèmi wé tìrẹ. Ilé tí kò bá ní nǹkan láti fún wa, a ó dúpẹ́ níbẹ̀ bákan náà. Nígbà Kérésì, àwa ọmọ Mùsùlùmí a máa lọ kí àwọn Onígbàgbọ́, nígbà Iléyá àwọn náà á wá.

Mo rántí ọdún Ìtúnu ààwẹ̀ ti oṣù Kejìlá 1968. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. A kí ìyá àgbà kan tó ń ta wórobo, ó fún wa ní owó ẹyọ. Kí n tó jáde ní ẹnu ọ̀nà ni mo ti ṣí ọwọ́ mi wò, mo ní, "Ti ilé àná pọ̀ ju èyí lọ." Ìyá náà gbọ́. Ó pe gbogbo wa padà, ó ní kí a jáde síta, kí a bẹ̀rẹ̀ látorí àgò. A ké àgò, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a ṣe àmín, a dá orúkọ bàbá wa. Kò fi kọ́bọ̀ kún un. Ó ní, "Owó yìí á tán lónìí. Ìkíni yẹn ni ẹ ó mú lọ." N kò mọ ohun tó ń sọ nígbà náà.

ỌDÚN TÍ A KÒ KÍ

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú wá ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní Gánà. Ràmàdáánì ti wọlé ní bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ni ọ̀sẹ̀ méjì náà pé. Ọdún Ìtúnu ààwẹ̀ bọ́ sí bí ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn èyí. Ẹ fi ojú inú wò ó. Inú ààwẹ̀ ni àwọn ènìyàn wa ti ń di ẹrù, tí wọ́n ń ta ọjà ní àdánù, tí wọ́n ń wá ọkọ̀. Nígbà tí oṣù fi máa lé, ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn tí à ń ké àgò sí ti wà ní títì. Ìyá oníwórobo náà ti lọ, n kò sì rí i mọ́ láéláé.

Ní ìlú wa ni a ti ṣe ọdún náà, láàárín ẹbí tí a kò rí rí. "Ọmọ Gánà" ni àwọn ẹgbẹ́ wa ń pè wá, wọ́n ń fi ẹnu wa ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí Haúsá àti Ga tó dà pọ̀ mọ́ Yorùbá wa. Ní ọjọ́ ọdún, ìyá mi ní kí n kó àwọn àbúrò mi lọ kí olórí ilé. Ẹ̀rù bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹnu mi mọ ohun tó fẹ́ sọ. Mo ké àgò, mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá náà bi mí pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Mo dá orúkọ bàbá mi, mo dá ti bàbá rẹ̀, mo dá agbo ilé. Bàbá náà dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní kí n dìde, kí n wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ òun. Láti ọjọ́ náà ni a ti di ọmọ ilé. Ohun tí a kọ́ ní ẹnu ọ̀nà àwọn ará Accra ló ṣí ilẹ̀kùn ilé bàbá wa fún wa.

Nígbà tó yá, díẹ̀díẹ̀, àwọn kan nínú wa padà sí Gánà. Ìlànà ECOWAS ti ọdún 1979 tún mú kí ìrìnnà rọrùn díẹ̀. Àwa náà kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà lé àwọn ará Gánà àti àwọn mìíràn tí kò ní ìwé jáde. Ẹni tí wọ́n ti lé rí kò gbọ́dọ̀ fi ti ẹlòmíràn ṣe ẹ̀sín.

TA LÓ JẸ̀BI?

Àwọn àgbà ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo kọ́kọ́ bínú sí àwọn ọmọ mẹ́fà wọ̀nyẹn. Nígbà tí mo ro ó dáadáa, mo rí i pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. N kò bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n. N kò ṣe àdúrà fún wọn. Owó ni mo nà sí wọn kí wọ́n lè tètè lọ. Ìdajì tí a fi hàn wọ́n ni wọ́n kọ́. A ti mọ odi yí ilé wa ká, a ti fi géètì sí i, ọjà kò sì jẹ́ kí a jókòó sílé. Ọmọ kò lè ké àgò sí ilé tí kò sí ẹni tí yóò dáhùn.

Àwọn ẹbí wa ní London àti ní Amẹ́ríkà náà ń bá irú ọ̀rọ̀ yìí yí. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ a máa múra bí eégún, wọ́n a máa kan ilẹ̀kùn gba súìtì. Àṣà àtijọ́ ni, láti ìgbà tí àwọn tálákà àti ọmọdé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba àkàrà òyìnbó láti ilé dé ilé kí wọ́n lè gbàdúrà fún òkú onílé. Àwọn ará Ireland àti Scotland ni wọ́n gbé irú rẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Bóyá kí ọmọ wa bá wọn lọ tàbí kó má lọ, olúkúlùkù ni yóò fi ẹ̀sìn rẹ̀ wò ó. Ṣùgbọ́n àwọn òbí ibẹ̀ tí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, wọ́n ń kọ́ ọmọ pé kó tẹ̀ lé àgbà, kó kan ilé tí iná wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nìkan, kó mú ẹyọ kan, kó sì dúpẹ́. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ ọmọ tí ń já nǹkan gbà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ọdún ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n kó àbúrò lẹ́yìn. Ẹ kọ́ wọn ní àgò, ẹ kọ́ wọn ní orúkọ bàbá àgbà wọn àti agbo ilé wọn kí ọjọ́ ọdún tó pé. Ẹ jẹ́ kí àwa àgbà náà ṣí géètì sílẹ̀, kí a jókòó, kí a bi ọmọ pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" kí ọwọ́ wa tó kan àpò. A kò mọ ilé tí ọmọ náà yóò fẹ́ wọ̀ lọ́la.

À ṣèyí ṣàmọ́dún o. Àmín.