Ẹgbẹ́ Agunkẹ̀kẹ́ ní Yunifásítì

Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì wa, láti Ìdó-Ilé títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òkè pọ̀ ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Síbẹ̀, kí alùpùpù tó gba ọ̀nà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere, kẹ̀kẹ́ ni ọ̀pọ̀ olùkọ́, oníwàásù àti àwọn tí ń ra kòkó fi ń káàkiri abúlé. Wọn a tì í gun òkè, wọn a sì gùn ún sọ̀ kalẹ̀. Ohun iyì ni nígbà náà. Lónìí, mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ pé òṣì ni ó ń gbé ènìyàn gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá mọ bí ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Ọdún 1874 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ìgbà náà kì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti iwájú ga dé àyà ènìyàn, ti ẹ̀yìn sì kéré bí ọmọ tí ń tẹ̀lé ìyá rẹ̀. Òkè ẹsẹ̀ gíga yìí ni agunkẹ̀kẹ́ ń jókòó sí. Bí kẹ̀kẹ́ bá kọlu òkúta, orí ni yóò fi gúnlẹ̀. Owó rẹ̀ kò kéré, nítorí náà kì í ṣe ọmọ tálákà ni ń gùn ún. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oxford díje láti Oxford dé Cambridge, ọ̀nà tí ó ju 80 máìlì lọ.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà ni Ion Keith-Falconer, ọmọ ìjòyè ilẹ̀ Scotland. Ní 1882, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Land's End ní ìpẹ̀kun gúúsù dé John o' Groats ní ìpẹ̀kun àríwá láàárín ọjọ́ 13. Ìrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000 máìlì. Ọkùnrin kan náà yìí kọ́ èdè Lárúbáwá títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó sì lọ ṣiṣẹ́ ìwàásù ní agbègbè Aden, níbi tí ibà ti pa á ní 1887, ní ẹni ọgbọ̀n ọdún. Eré kẹ̀kẹ́ kò dí ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò dí iṣẹ́ ìsìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn yìí ní ìdí mìíràn. Ní 1885, John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba jáde ní Coventry. Kò ga, kò sì léwu bíi ti àtijọ́, àwọn obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí gùn ún. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1897, wọ́n dìbò ní Cambridge lórí bóyá kí àwọn obìnrin tí ó yege ìdánwò gba oyè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́kùnrin ṣe ère obìnrin tí ó gun kẹ̀kẹ́, wọ́n sì so ó rọ̀ ní gbangba láti fi àwọn obìnrin ṣẹ̀sín. Ìbò náà já sí òfo. Di ọdún 1948 ni Cambridge tó fún obìnrin ní oyè bíi ti ọkùnrin, ọdún kan náà tí Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: wọn kò fi ẹ̀gàn kan kẹ̀kẹ́ rí; ẹni tí ń gùn ún ni wọ́n fẹ́ dá dúró. Láti 1982 ni yunifásítì ti wà ní Adó-Èkìtì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ wa bá fẹ́ dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, kí wọ́n mú ìfaradà Keith-Falconer, kí wọ́n sì fi ìlara 1897 sílẹ̀. Ọkùnrin tàbí obìnrin, ọmọ olówó tàbí ọmọ tálákà, òógùn kan náà ni òkè Ẹ̀fọ̀n yóò gbà lára wọn.